Àwọn Tó Ń Ka Òfin, Tí Wọ́n sì Ń Ka Afẹ́fẹ́

Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, àwọn tó ń kọ́ òfin wà ní Ọ̀jọ́, ní ẹnu ọ̀nà Ìyànà Ìbà níbí. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnníà wà lọ́hùn-ún ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ti ọ̀dọ̀ àwọn kan lọ sọ́dọ̀ àwọn kejì á la gbogbo Èkó já láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn. Iṣẹ́ kan wà láyé tí irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ kò lè sí láàárín ìmọ̀ méjèèjì: iṣẹ́ àwọn tó ń ya ọkọ̀ eré ìje Formula 1. Orí kan náà ló gbọ́dọ̀ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn lábẹ́ ọkọ̀, kó sì mọ bí gbólóhùn ṣe ń rìn nínú ìwé òfin. Ẹni tó mọ ti afẹ́fẹ́ nìkan á ṣe ọkọ̀ tó dára, ẹ̀yìn ni ọkọ̀ náà yóò sì máa wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ pé ẹnìkan rí àlàfo nínú òfin máa ń rò pé èrú ló ṣe. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrú ni kí òfin ní má ṣe é, kí o sì lọ fi òru bojú ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ yìn níbí yàtọ̀. Ẹnìkan mú ìwé kan náà tí gbogbo àwọn tó ń bá a díje ní lọ́wọ́, ó kà á dáadáa ju bí wọ́n ṣe kà á lọ, ó rí ohun tí ìwé náà kò sọ, ó wá fi ohun tó rí yìí ṣe nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà, níṣojú gbogbo ayé. Mo ka èyí kún ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọgbọ́n tó ga jù tí ọwọ́ èèyàn ń ṣe lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti afẹ́fẹ́. Ojú ọ̀nà Badagry lè kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tó bá ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá rí láàárín Ìyànà Ìbà sí Òkòkòmáìkò, tí tírélà tó gbé kọ̀ǹtẹ́nà sì fi eré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ náà á mì, á sì fẹ́ ya sọ́dọ̀ tírélà, bí ẹni pé tírélà ń fà á. Tírélà kò fà á. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín àwọn méjèèjì ló ń sáré, bẹ́ẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń sáré sí i ni agbára tó fi ń tẹ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń dín kù. Afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì kẹ̀kẹ́ ló wá lágbára jù, òun ló ń tì í. Ẹ wá fi ọkàn yí àwòrán yìí padà: ẹ fi ọ̀dà ojú títì sí ipò tírélà, ẹ fi abẹ́ ọkọ̀ eré ìje sí ipò kẹ̀kẹ́. Afẹ́fẹ́ há sáàárín ilẹ̀ àti abẹ́ ọkọ̀, ó ń sáré, agbára rẹ̀ dín kù, afẹ́fẹ́ tó wà lókè sì tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Kí ni ọkọ̀ fẹ́ fi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ṣe? Kọ́nà ni. Táyà ló ń di ọkọ̀ mú lójú ọ̀nà, bí a bá sì ṣe tẹ táyà mọ́lẹ̀ tó ni yóò ṣe lè dì í mú tó. Èèyàn lè ní kí a kúkú di ẹrù sínú ọkọ̀ kó lè wúwo. Ṣùgbọ́n ẹrù fẹ́ máa lọ tààrà nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yà, ó sì ń dá ọkọ̀ dúró nígbà tó bá fẹ́ sáré. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ ń tẹ ọkọ̀ bí ẹrù, síbẹ̀ kò wúwo rárá. Ìyẹ́ tó wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà: ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni, wọ́n kàn dojú rẹ̀ dé kó lè máa tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ dípò kó gbé e sókè. Nǹkan méjì ló sì yẹ ká fi sọ́kàn. Èkíní, eré ni gbogbo rẹ̀ gbára lé: bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí sípọ́ílà tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà ní ọjà ASPAMDA, nínú ọgbà Trade Fair, láti fi sẹ́yìn Corolla fi jẹ́ ẹwà nìkan nínú gòsúlóò ọ̀nà wa. Kò tíì dé ibi eré tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èkejì, afẹ́fẹ́ kì í ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́: ìyẹ́ tó ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ ní kọ́nà ló ń fà á sẹ́yìn níbi tí ọ̀nà bá ti tọ́ gbọọrọ.

Nígbà tí ìyẹ́ dé sórí ọkọ̀ Formula 1 ní ọdún 1968, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e sórí igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn kan sì jẹ́ kí awakọ̀ lè máa yí i síwá sẹ́yìn. Ní 1969, ní Montjuïc ní Spain, ìyẹ́ ọkọ̀ Lotus méjèèjì já lórí eré. Graham Hill àti Jochen Rindt ló wà nínú wọn. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ní Monaco, àwọn tó ń ṣòfin fòfin de ìyẹ́ gíga, wọ́n sì sọ pé ohunkóhun tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti darí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ máa mì lára ọkọ̀. Gbólóhùn kékeré ni. Ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ níbí, gbólóhùn yìí ni wọ́n ń yí ká.

Ọmọ Áfíríkà ni ẹni tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìlú Durban ní South Africa ni wọ́n ti bí Gordon Murray ní 1946. Ó lọ sí Ìlú Ọba ní 1969, ó sì di ẹni tó ń ya ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ Brabham, tí Bernie Ecclestone jẹ́ olówó rẹ̀. Ní 1978, Lotus 79 ń lu gbogbo wọn. Colin Chapman àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti gbẹ́ abẹ́ ọkọ̀ náà ní ọ̀nà méjì tí afẹ́fẹ́ ń há sí, wọ́n sì fi ìbòrí líle dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa ti ìta wọlé. Murray rí ohun tí wọ́n ṣe, ó sì mọ̀ pé òun kò lè ṣe irú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Alfa Romeo tí Brabham ń lò fẹ̀, ó sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ibi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà gan-an ló dí. Ó wá rò ó pé bí òun kò bá lè ṣe ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ máa fi sáré jáde, òun a fi fáànù fà á jáde.

Fáànù a máa yí, ó sì ń darí afẹ́fẹ́. Lójú òfin 1969, ó dà bíi pé ọ̀ràn ti parí. Ibi tí ìwé kíkà ti wọlé nìyí. Òfin ń bá ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ ti afẹ́fẹ́ wí. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ fáànù bá jẹ́ láti tu ẹ́ńjìnnì lára ńkọ́? Murray gbé ràdíátọ̀ kan lélẹ̀ pẹrẹsẹ sórí ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kí fáànù máa fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ṣètò rẹ̀ débi pé ju ìdajì afẹ́fẹ́ tí fáànù náà ń fà lọ ló ń lọ fún ìtutù. Fáànù ìtutù ni, òfin sì gba fáànù ìtutù láyè. Pé ó tún ń fa ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀ lójú kan náà jẹ́ àǹfààní tó bá a wá. Àwọn tó wà níbùdó àwọn ọkọ̀ máa ń rí i pé ìdérí ni wọ́n fi bo fáànù náà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ní Anderstorp, ní orílẹ̀-èdè Sweden, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, Niki Lauda gbé e jáde. Nígbà tí epo dà sójú ọ̀nà, tí àwọn tó kù ń fi ẹ̀sọ̀ rìn, ọkọ̀ Lauda ń kọjá níbẹ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀nà gbẹ. Ó fi ìṣẹ́jú-àáyá tó lé ní ọgbọ̀n ju ẹni kejì lọ. Èsì ìdíje náà dúró. Ṣùgbọ́n àwọn olówó ẹgbẹ́ tó kù fárígá, Ecclestone sì kó ọkọ̀ náà nílẹ̀. Kò tún sáré Formula 1 mọ́.

Kì í ṣe Murray ló kọ́kọ́ ronú fáànù. Ní Amẹ́ríkà, Jim Hall ti Texas ti fi fáànù méjì sẹ́yìn Chaparral 2J ní 1970, wọ́n sì lé òun náà jáde. Ohun tí Murray fi kún un ni ràdíátọ̀ tó sùn sílẹ̀ yẹn, èyí tó sọ fáànù di ohun tí òfin lè gbà.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo iṣẹ́ irú èyí, èyí tí Murray ṣe ní 1981 ni mo máa mú.

Ní ọdún náà, FISA, tó ń ṣòfin eré ìje nígbà yẹn, fẹ́ dín ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kù. Wọ́n gba ìbòrí líle ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kúrò, wọ́n sì ní kí àyè sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà wà láàárín abẹ́ ọkọ̀ àti ilẹ̀. Bí àyè yẹn bá ti wà, afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ á rọ́ wọlé, ohun tí abẹ́ ọkọ̀ ń ṣe á bàjẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù gbà bẹ́ẹ̀. Murray jókòó ti ìwé, ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan: ìgbà wo ni wọ́n lè wọ̀n ọ́n? Lórí eré kọ́. Kò sí ẹni tó lè fi rúlà há abẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré. Ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró ni wọ́n á ti wọ̀n ọ́n. Gbogbo ọkọ̀ ló sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ bí ó bá ń sáré, nítorí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ ẹ́, sípíríǹgì rẹ̀ sì ń rọ̀. Kò sí òfin tó lè ní kí ìyẹn má ṣẹlẹ̀.

Ohun tó wá ṣe nìyí. Lábẹ́ BT49C, ọkọ̀ Brabham ọdún náà, ó fi sìlíńdà tí òróró àti afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ kún sípíríǹgì. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà géérégé. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, afẹ́fẹ́ á tẹ̀ ẹ́, òróró á ṣàn lọ sínú agolo kékeré kan, ọkọ̀ á sì wọlẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ibi tó dára jù níbẹ̀ ni ihò tí òróró náà gbọ́dọ̀ gbà padà. Ó ṣe ihò náà ní tínínní, débi pé nígbà tí ọkọ̀ bá dẹ eré ní kọ́nà, òróró kò ní ráyè padà tán kí eré tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ á wà nílẹ̀ jálẹ̀ ìdíje. Ìgbà tí ìdíje bá parí, tí awakọ̀ ń rọra bọ̀ wálé, ni òróró máa ń padà tán, tí ọkọ̀ máa ń gòkè, kí wọ́n tó dé ibi tí olùṣàyẹ̀wò ti ń dúró. Awakọ̀ kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀, àìsí afẹ́fẹ́ ló ń gbé e dìde. Àwọn tó kù bínú, wọ́n fẹjọ́ sùn, ẹjọ́ kò wọlé, ni àwọn náà bá lọ ṣe tiwọn. Bọ́tìnnì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi sí i, nítorí wọn kò mọ bí ihò tínínní yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Nelson Piquet fi ọkọ̀ Murray gba ife àgbáyé ọdún náà pẹ̀lú máàkì kan ṣoṣo, 50 sí 49 ti Carlos Reutemann.

Kì í ṣe gbogbo àlàfo ló yẹ ní ìyìn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹgbẹ́ kan, Brabham náà wà níbẹ̀, gbé táǹkì omi sínú ọkọ̀, wọ́n ní fún títu bíréèkì ni. Wọ́n á da omi náà nù lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á fi ọkọ̀ tó fúyẹ́ ju bí òfin ṣe ní kó wúwo lọ díje, wọ́n á sì rọ omi padà kí wọ́n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ní Brazil, wọ́n gba ipò Piquet àti Keke Rosberg lọ́wọ́ wọn nítorí rẹ̀. Kò sí ìmọ̀ afẹ́fẹ́ nínú ìyẹn, kò sì sí iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀. Òṣùwọ̀n nìkan ni wọ́n tàn jẹ.

Ìtàn tó lókìkí jù nínú ti ìgbà tiwa yìí bẹ̀rẹ̀ nínú ìbànújẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, Honda sọ pé àwọn kò ṣe Formula 1 mọ́. Ross Brawn tó ń darí ẹgbẹ́ náà gbà á ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Ohun tó wà nínú ọkọ̀ tó bá níbẹ̀ níye lórí ju bí ẹnikẹ́ni ṣe mọ̀ lọ.

FIA, tó ń ṣòfin eré ìje báyìí, ti kọ òfin tuntun fún 2009. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ lè máa kọjá ara wọn. Ìṣòro tí wọ́n fẹ́ yanjú ni pé afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ iwájú ti dà rú ló ń kan ìyẹ́ ọkọ̀ ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ kò lè fi afẹ́fẹ́ tó ti dà rú ṣiṣẹ́. Wọ́n pinnu láti gé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ìyẹ́ ẹ̀yìn kúrò ní mìlímítà 1000, ó di 750. Ìyẹ́ iwájú fẹ̀ sí i, ó di 1800. Wọ́n sì fọwọ́ kan diffuser, èyí tí í ṣe ibi tí abẹ́ ọkọ̀ ti ń rọra gòkè lẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ tó há ti ń rí àyè gbilẹ̀ kó tó jáde. Bí àbájáde yẹn bá ṣe tóbi tó ni afẹ́fẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ń sáré tó. Òfin tuntun ní kò gbọdọ̀ ga ju mìlímítà 175 lọ.

Abẹ́ ọkọ̀ Formula 1 ìgbà náà ní ìpele méjì: ti àárín wà nílẹ̀ díẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi mìlímítà 50 ga jù ú lọ. Òfin sọ pé kí àwọn ìpele náà jẹ́ odindi, kí ẹni tó bá wò ó láti ìsàlẹ̀ gan-an má rí ohun tó wà lókè gba inú ihò kankan. Ó jọ òfin tí kò ní àlàfo. Ṣùgbọ́n ìpele méjì ni òfin dárúkọ, ibì kan sì wà tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, ní òró, ni wọ́n ti fi àyè sílẹ̀. Kò sí ihò nínú ìpele ìsàlẹ̀. Kò sí ihò nínú ìpele òkè. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tó wòkè kò rí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ rí i. Ó gba ibẹ̀ gòkè lọ sínú diffuser kejì tí wọ́n kọ́ sórí ti àkọ́kọ́, èyí tí òfin 175 kò bá wí.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló rí i, láìgbọ́ ti ara wọn: Brawn, Toyota àti Williams. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn náà ni pé ní 2008, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń jíròrò òfin tuntun, Brawn ti sọ fún wọn pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí wọ́n rò pé wọ́n ti gé kò gé tó bẹ́ẹ̀, pé ó yẹ kí wọ́n tún òfin náà ṣe. Wọn kò gbà. Ẹni tó ní kí wọ́n dí àlàfo náà ló wá gba ibẹ̀ kọjá.

Ní Melbourne, Ferrari, Renault àti Red Bull fẹjọ́ sùn. Ẹjọ́ náà dé Paris ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2009. Lọ́yà Ferrari, Nigel Tozzi, ní ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ pé ihò ni nǹkan yẹn. Àwọn adájọ́ wo ohun tí ìwé sọ, kì í ṣe ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní ó bá òfin mu. Jenson Button ti Brawn borí nínú ìdíje mẹ́fà nínú méje àkọ́kọ́, ó gba ife àgbáyé, ẹgbẹ́ tí wọ́n fi pọ́n-ùn kan rà sì gba ti àwọn ẹgbẹ́. Ó yẹ ká fi ọ̀wọ̀ fún Red Bull náà. Adrian Newey, tó ṣì ń fi pẹ́ńsùlù ya ọkọ̀ lórí pátákó, ti to ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, débi pé kò sí àyè láti ki diffuser kejì bọ̀ ọ́. Síbẹ̀, wọ́n wá ọ̀nà sí i, ó sì wà lára ọkọ̀ wọn nígbà tí wọ́n dé Monaco. Wọ́n fòfin dí àlàfo náà láti 2011.

Nígbà yẹn, McLaren ti rí òmíràn, èyí tó tún kọjú sí òfin 1969. Ìyẹ́ ẹ̀yìn ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn lójú ọ̀nà tó tọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ mì í. MP4-25 ti ọdún 2010 kò mì í. Ihò kékeré kan wà nímú ọkọ̀ náà, nítòsí ibi tí wọ́n kọ Vodafone sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà F, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti rí orúkọ F-duct. Afẹ́fẹ́ gba ihò yìí wọ inú páìpù. Ọ̀nà kan gba ọ̀dọ̀ awakọ̀, ó sì ní ojú kan tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ti dé ibi tí ọ̀nà tọ́, á fi orúnkún dí ojú náà. Afẹ́fẹ́ á wá yí ọ̀nà padà, á gba inú páìpù dé ìyẹ́ ẹ̀yìn, á sì tú jáde láti ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ìyẹ́ náà. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó tú jáde yìí tó láti já èyí tó ń ṣàn mọ́ ìyẹ́ náà kúrò lára rẹ̀. Ìyẹ́ á sùn. Kò ní tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ mọ́, kò sì ní fà á sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ á fi kìlómítà bíi mélòó kan lé eré rẹ̀ ní wákàtí. Tí kọ́nà bá ń bọ̀, awakọ̀ á gbé orúnkún kúrò, ìyẹ́ á jí.

Kí ló mì lára ọkọ̀ náà? Kò sí. Awakọ̀ ló mì, òfin kò sì sọ pé awakọ̀ jẹ́ apá kan lára ọkọ̀. Ó rọrùn láti sọ ọ́ báyìí. Ẹ wo bí ó ṣe ṣòro tó láti ṣe: kí ìmí afẹ́fẹ́ díẹ̀ láti imú ọkọ̀ rin gbogbo gígùn rẹ̀, kó yan ọ̀nà kan nínú méjì láìsí ìlẹ̀kùn kankan tó ń ṣí tàbí tó ń tì, kó sì dé ẹ̀yìn pẹ̀lú agbára tó tó gẹ́lẹ́ láti mú ìyẹ́ sùn, kó má sì mú un sùn ní kọ́nà. Àwọn tó kù sáré ṣe tiwọn. Ọwọ́ ni awakọ̀ Ferrari fi ń dí ihò tiwọn. Àwọn tó ń ṣòfin rí i pé kò dára kí awakọ̀ máa gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn nítorí irú èyí, wọ́n sì fòfin de òun náà láti 2011.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Charlie Whiting, tó bójú tó òfin fún FIA fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi kú ní 2019, mẹkáníìkì Brabham ni nígbà tí Gordon Murray wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ sókè sódò ní 1981. Nikolas Tombazis tó ń darí ẹ̀ka yìí ní FIA lẹ́yìn náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe onímọ̀ afẹ́fẹ́ fún Ferrari. Kíkọ òfin tí irú Murray kò ní rí ojú ihò rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọgbọ́n bíi ti Murray gan-an.

Nàìjíríà náà ti fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Ní 1999, Ọmọọba Malik Ado Ibrahim ra ìpín nínú ẹgbẹ́ Arrows, a sì rí orúkọ ọmọ Nàìjíríà láàárín àwọn olówó ẹgbẹ́ Formula 1 fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọkàn mi jù ni ti 2014, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG àti ti Yunifásítì Benin gbé ọkọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe lọ sí Shell Eco-marathon ní Rotterdam. Ìdíje eré kọ́ nìyẹn. Ibi tí epo díẹ̀ bá lè gbé ọkọ̀ dé ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fà wọ́n sẹ́yìn, ìwé òfin tó nípọn sì wà níbẹ̀ fún wọn láti kà. Ìwé òfin Formula 1 fúnra rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, lójú òpó FIA, gẹ́gẹ́ bí Newey ṣe ń kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní fóònù ní Ìyànà Ìbà lè ṣí i lálẹ́ òní. Mo fẹ́ kí ẹnìkan níbí ṣí i.

Àlàfo kan tó kù lónìí wà nínú kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń ṣe ìyẹ́. Òfin ní kí ìyẹ́ má mì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í tẹ̀ rárá bí agbára bá pọ̀ lórí rẹ̀. FIA ní láti sọ iye tó lè tẹ̀, wọ́n á gbé ẹrù lé ìyẹ́ níbi tí wọ́n bá yàn, wọ́n á sì wọn bó ṣe lọ sílẹ̀ tó. Àwọn tó ń ṣe ìyẹ́ mọ ibi tí ẹrù náà máa wà. Aṣọ kábọ́ọ̀nù ni wọ́n ń tò léra, ìpele lórí ìpele, ibi tí fọ́nrán ìpele kọ̀ọ̀kan bá sì kọjú sí ló ń pinnu ibi tí ìyẹ́ máa le sí àti ibi tó máa tẹ̀ sí. Wọ́n lè mú un le gan-an síbi tí FIA ń gbé ẹrù lé, kí ó sì rọ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ nìkan ń tẹ̀. Ní Baku, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, kámẹ́rà ẹ̀yìn ọkọ̀ Oscar Piastri ti McLaren fi hàn pé etí ìyẹ́ òkè ń gbéra díẹ̀ lórí eré, ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń ṣí níbẹ̀. Ìyẹ́ náà ti yege nínú gbogbo ìdánwò. Piastri ló borí lọ́jọ́ náà. FIA bá McLaren sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà láti tún un ṣe. Nígbà tó di ìdíje Spain ní 2025, FIA mú kí ìdánwò ìyẹ́ iwájú le sí i fún gbogbo ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn náà ni òfin 2026 dé, ó sì yí gbólóhùn 1969 padà gidi. Láti 2011, ètò tí wọ́n ń pè ní DRS ti gba ìyẹ́ ẹ̀yìn láyè láti ṣí lójú ọ̀nà tó tọ́, fún ẹni tó bá sún mọ́ ọkọ̀ iwájú nígbà ìdíje. Ní báyìí, ìyẹ́ iwájú àti ti ẹ̀yìn ló ń ṣí lójú ọ̀nà tó tọ́, fún gbogbo awakọ̀, wọ́n á sì tún pa dé kí kọ́nà tó dé. Iṣẹ́ tí Button àti Lewis Hamilton fi orúnkún ṣe fún McLaren ní 2010, tí wọ́n fòfin lé jáde, ìwé òfin fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹ̀rọ máa ṣe é.